Àwọ̀ Abẹ́ Irin

Ọkọ̀ onígbòkun kan wà lẹ́yìnkùlé wa n'Ìsokùn,
ó fẹ̀gbẹ́ ti igi máńgòrò bí ẹni tí oorun gbé lọ níbi àìsùn.
Ọmọ ẹlẹ́ní àtẹ́ẹ̀ká ni wá l'Ílẹ́ṣà:
ẹní la ní láti tẹ́, a ò lómi tọ́kọ̀ ń gùn.
Bàbá mi rà á l'Ápápá lọ́dún tó fiṣẹ́ òkun sílẹ̀,
ó fi tírélà agégẹdú gbé e wálé,
òpó rẹ̀ yọ sẹ́yìn, wọ́n so àkísà pupa mọ́ ọn lórí.
Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ṣòṣómàáló wá wò ó.
Wọ́n ní, "Fápohùndà, odò wo?"
Ó ní, "Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ tún un kùn ná."

Kò tún un kùn. Ọdún mọ́kànlélógún.
Adìyẹ yé sínú rẹ̀. Aláǹgbá di onílé.
Èmi tí mo jogún sípánà ni mo gùn ún
lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀.

Bóòtù àkọ́kọ́ kọ̀.
Mo da kẹrosíìnì sí i, mo lọ jẹun, mo padà, ó tún kọ̀.
Ìbítóyè wẹ́dà ní ká fi iná bá a sọ̀rọ̀.
Mo ní pákó ló wà lábẹ́ rẹ̀,
má jẹ́ kí n sin bàbá mi lẹ́ẹ̀mejì.
Mo fi òòlù kàn án jẹ́jẹ́, bí ẹní ń kanlẹ̀kùn àna lóru.
Ó dún kẹ́ẹ́. Ó yí.
Ògùn-ún rẹ̀ dà sí mi lọ́wọ́ bí èlùbọ́.

Mo tú ìwo irin tí wọ́n ń so okùn mọ́, mẹ́fà,
púlì tí kò yí mọ́,
wíǹṣì tí ọ̀rá inú rẹ̀ ti dì bí ọṣẹ dúdú.
Igi ẹnu ihò wọn ti rà, o lè fi ìka bù ú bí ẹ̀kọ tútù.
Mo gbẹ́ ẹ títí mo fi kan ibi tó le.

Lábẹ́ ìwo kẹrin, níwájú, lọ́wọ́ òsì,
mo bá àwọ̀ kan tí n kò rí rí.
Funfun ni mo mọ ọkọ̀ yìí sí, funfun tó ti di eyín ajobì.
Èyí kì í ṣe ewé, kì í ṣe aró.
Ọrùn ẹyẹlé ni, nígbà tó bá yíjú sóòrùn.
Kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọ kékeré lọ.
Irin ló sàba lé e látọjọ́ yìí, òjò kò mọ̀ ọ́n.

Mo ya á ní fótò, mo gbé e dé Ẹ̀rẹ̀jà.
Ọlọ́dà po búlúù mọ́ yẹ́lò, ó kán dúdú sí i, ó họrí.
Agolo mẹ́ta ni mo dà nù.

Ìyá mi jáde lálẹ́ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì,
ẹni tí kò fẹsẹ̀ kan ọkọ̀ náà rí láti ọjọ́ tó ti wálé.
Ó gun àpótí, ó nàgà, ó tanná sí i.
"Ilẹ̀kùn yàrá wa l'Ápápá nìyẹn.
Ó fi ọ̀dà tó ṣẹ́kù dán an wò níbẹ̀.
Èmi ni mo ní kò yẹ ọkọ̀. Mo ṣe bí ó ti hó o nù."
Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó ní ọbẹ̀ òun ń jóná.
Kò sí ọbẹ̀ kankan lórí iná.

Funfun náà ni mo kùn, ẹ̀ẹ̀mẹta.
Ìbítóyè gé ìwo tuntun lára síńkì ilé ìwòsàn kan tí wọ́n wó,
irin tí kì í dógùn-ún, tó ń dán bí ìdí ṣíbí.
Ìkẹrin nìkan ni mo sún síwájú, ìka mẹ́rin péré,
mo fi fáníìṣì bo àwọ̀ yẹn.
Ẹni tó bá mọ ọkọ̀ yóò sọ pé kò dọ́gba.
Kó máa sọ.

Òjò dé lóru Ọjọ́bọ̀, òjò òṣómàáló,
tó lóun ò ní lọ àfi tóun bá gbowó òun.
Mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ àjà ọkọ̀,
mo ń fọwọ́ tọ́ bóòtù kọ̀ọ̀kan wò lókùnkùn.
Ìyá mi ṣí fèrèsé:
"Ṣé ó ń jò?"
Ọwọ́ mi gbẹ.
Ó tún béèrè.
Mo jẹ́ kí òjò náà rọ̀ díẹ̀ sí i kí n tó dá a lóhùn.